Bándì Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ohùn ọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ kórìíra, kí n tó rí ojú rẹ̀ rárá. Láàárọ̀, nígbà tí mo bá ń wá bàtà tí n ó wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Alágbàka, fóònù mi á dún, ohùn tísà bándì á sì wọlé láti orí Wọ́sáàpù, èyí tí ó gbà sílẹ̀ fún gbogbo àwa òbí tí ọmọ wa ń lùlù tàbí tí wọ́n ń fọn fèrè ní ilé ìwé wọn ní Àkúrẹ́. Á kọ́kọ́ wúkọ́. Á ní, ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n. Òfin ló kù tí yóò máa tẹ̀ lé e. Ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ funfun, kì í ṣe èyí tí a fọ̀ tó wá di àwọ̀ ògì bàbà. Ìbọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ dé orúnkún, kò gbọdọ̀ yọ̀ wálẹ̀. Ọmọ bándì kì í jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ọmọ bándì kì í rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ bándì bá rí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lẹ́bàá títì, kò gbọdọ̀ wò wọ́n lójú. Ọmọ bándì kì í nu òógùn.

Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo tún un gbọ́, torí mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Kò ṣì í gbọ́. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé òógùn tí ọmọ bá fọwọ́ nù ń ba ìbọ̀wọ́ jẹ́, ó sì ń fi hàn pé ọmọ náà kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣàn, yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo ti rí ọ̀gá tó ní ká dìde kí òun tó wọlé, mo ti rí èyí tó ní a kò gbọdọ̀ wọ bàtà tó ń dún ní kọ́rídọ̀. Mi ò tíì rí èyí tó bá òógùn jà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ láti ìgbà tí sáà náà ti bẹ̀rẹ̀, kò dárúkọ orin kan ṣoṣo.

Àwọn òbí ẹgbẹ́ mi kò sì ràn mí lọ́wọ́. Bí ohùn náà bá ti dákẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì: a dúpẹ́ o, tísà wa, Olúwa á fún yín lókun. Ìyá kan béèrè irú ọṣẹ tó dára jù fún ìbọ̀wọ́, wọ́n sì fi odindi ọjọ́ kan jiyàn lórí ọṣẹ. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí àwọn ọmọ náà ń kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ìwé náà ṣe rí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, lọ́nà Ọba-Ilé, tí wọ́n kọ́ fún ayálégbé. Obìnrin tó ni ilé ìwé náà rà á, ó ya pálọ̀ sí kíláàsì, ó sọ ilé ìdáná di yàrá kọ̀ǹpútà. Mọ́mì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa ìyá tó ní ọmọ níbẹ̀. Èmi ń pè é ní ìyá onílé-ìwé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìta, táǹkì omi wà lápá kan, jẹnẹrétọ̀ wà lápá kejì, jíìpù ìyá onílé-ìwé wà láàárín, bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì dí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó kù kò ju ibi tí ènìyàn lè sá aṣọ sí lọ. Níbẹ̀ ni bándì ti ń kọ́ṣẹ́. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan kò jìnnà síbẹ̀, ó tẹ́jú, ó gbòòrò, kò sì sí ohun tó ń lò ó nírọ̀lẹ́ ju ewúrẹ́ lọ. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí wọn kò fi lọ síbẹ̀, ìyá onílé-ìwé yínmú. Ó ní àwọn ọmọ òun kì í ṣe ọmọ pápá ìjọba. Ó tún ní bí àwọn ilé ìwé yòókù bá rí wọn níta, wọ́n á jí sítáì wọn.

Sítáì wo? Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò ló ń fọwọ́ di àpò mú nínú ọjà.

Ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì ní girama, ń lu ìlù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí. Ǹ bá ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ tipẹ́, bí kì í bá ṣe ti bàbá mi. Bàbá mi ń gbé Oǹdó, níbi tí wọ́n bí èmi náà sí. Nígbà tó wà ní girama, òun ló ń lu ìlù ńlá nínú bándì wọn. Ó di ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlù yẹn ló máa ń sọ fún wa, kì í sọ ti ọ̀gá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ báyìí, ó sì ti kó púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, a máa ń pè é. Ọmọ mi á gbé fóònù sórí àga, á jókòó tì í, á sì fi ọ̀pá ìlù rẹ̀ méjèèjì lu àpótí ìjókòó. Bàbá kì í sọ nǹkan kan. Mímí rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́, ọmọ náà á sì ní ẹ̀rín ni Bàbá ń rín.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi ti ilé ìwé dé, ó ń fò sókè. Ìjọ ńlá kan ní Oǹdó ń ṣe àjọ̀dún, wọ́n pe àwọn ilé ìwé láti wá yan yí ìlú ká, ìyá onílé-ìwé tó jẹ́ ọmọ ìjọ náà sì ti gbà pé bándì tòun á wá láti Àkúrẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọjá níwájú ilé bàbá mi gan-an. Ọmọ náà kò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Ó pe Bàbá lójú ẹsẹ̀, ó ní kí ó jókòó síta lọ́jọ́ náà, òun á lùlù kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá tó sì ń tọ́jú rẹ̀, gba fóònù, ó ní Bàbá ń fọwọ́ òsì lu orí ibùsùn. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni ọmọ mi ń lépa: kí Bàbá rí òun. Mo fara mọ́ òfin òógùn nítorí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ gbé ìbọ̀wọ́ tuntun fún un, torí tísà ní èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò funfun tó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, mo ń wò wọ́n. Tísà bándì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ dígí dúdú, tó so fèrè kékeré mọ́ ọrùn. Ó fọn fèrè. Ó ní, “Máàkì táìmù!” Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń gbé e kalẹ̀, ìlù ń dún, orúnkún gbogbo wọn ń ga bákan náà. Mo ní hẹn-ẹn, ó dára. Mo dúró kí wọ́n máa lọ. Wọn kò lọ. Orin parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ojú kan náà ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n lọ mu omi, mo wo ilẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí. Ilẹ̀ ti jin. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ihò ẹsẹ̀ tirẹ̀, méjì méjì, wọ́n tò lọ gbọọrọ, omi òjò àná sì wà nínú òmíràn.

“Ihò tèmi nìyẹn, Mọ́mì,” ọmọ mi wí, ó ń fi í hàn mí bí ẹni tó ń fi ibùsùn rẹ̀ han àlejò.

Mo lọ bá tísà. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń rìn síwájú. Ó wò mí láti inú dígí dúdú rẹ̀. Ó ní Mọ́mì, ẹ má dààmú, rírìn síwájú kò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú, ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní ohun tó le ni ìwà, bí ọmọ bá ti lè dúró lójú kan kí ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò sí ibi tí kò lè lọ. Mo rò ó títí, mi ò rí orí rẹ̀, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tó ń kọ́ ìrìn á ṣubú, á dìde, á tún ṣubú kó tó mọ̀ ọ́n, òun kò sì gbé ìlù dání.

Ohun tó wá bí mi nínú ni pé ọmọ mi ti béèrè ìbéèrè kan náà ṣáájú mi. Ó na ọwọ́ sókè, ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ìgbà wo làwọn máa kọ́ bí a ṣe ń lùlù lọ. Tísà ní àrífín ni. Ó ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó gbé ìlù rẹ̀ sókè orí níwájú àwọn yòókù, ó sì ní bí ó bá tún la ẹnu, òun á yọ ọ́ kúrò nínú bándì, kò ní fojú kan Oǹdó. Ọmọ náà kò sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ. Nígbà tí mo bi í, ó bẹ̀ mí pé kí n má lọ jà, kí Bàbá lè rí òun. Mo ní ó dára, jẹ́ ká máa kọ́ ọ nílé, láàárín èmi àti ìwọ, lẹ́yìnkùlé. Ó kọ̀. Tísà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá yan níbòmíràn yàtọ̀ sí ilé ìwé ń ta àṣírí bándì, kò sì ní í bá wọn lọ. Ẹ̀rù yẹn ti wọ ọmọ mi lára.

Mo lọ. Mi ò lọ jà. Mo lọ bá ìyá onílé-ìwé nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tó ń tutù nini, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé àwọn ọmọ náà kò tíì kọ́ bí a ṣe ń lùlù rìn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bándì òun ló mọ̀wàá hù jù ní gbogbo Àkúrẹ́, kí n lọ wo ti àwọn ilé ìwé ìjọba, bí wọ́n ṣe ń jó kiri bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ilẹ̀ tútù kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ ni omi òjò tó wà nínú ihò wọn. Mo gbé e mì nítorí ọmọ mi.

Nígbà tó ku ọ̀la, ohùn tísà tún wọlé. Kí ọmọ kankan má ṣe mu omi láti àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun fẹ́ tọ̀. Kí wọ́n má jẹ ẹ̀wà. Kí òbí tó bá wá má ṣe pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Alásejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́, mo sọ ọ́ sínú fóònù náà bí ẹni pé ó lè gbọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fún ọmọ mi ní ẹ̀wà, mo fún un ní omi tẹ̀ lé e. Ó jẹ ẹ́ tán.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé gbé wọn lọ, èmi wa mọ́tò mi lọ lọ́tọ̀. Mo kọ́kọ́ yà sílé. Bàbá ti wà níta. Ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀ fún un, ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un, ó dé e ní fìlà, ó sì gbé e jókòó sórí àga onírọ̀rí lẹ́bàá gọ́tà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kọjá kí ó má rí i. Oòrùn ti ń mú. Mo béèrè bóyá ká gbé e sábẹ́ òjìji títí wọn á fi dé. Ó mi orí, ó kọ̀. Mo fi í síbẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ilé ìwé ti tò síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìwé ìjọba kan ló kọ́kọ́ gbéra. Ìlù wọn ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ìbọ̀sẹ̀ wọn kò bára mu, ọmọ tó ń fọn fèrè ń fojú wá ìyá rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbéra, wọ́n lọ. Wọ́n ń mi èjìká, wọ́n ń lùlù, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ìyá onílé-ìwé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pòṣé. Ó ní, ẹ wo ìbọ̀sẹ̀.

Ó wá kan àwọn ọmọ wa. Mi ò ní purọ́, wọ́n lẹ́wà. Aṣọ pupa, okùn aláwọ̀ wúrà léjìká, fìlà tó ní ìyẹ́, ìbọ̀wọ́ tó funfun débi pé ó ń ta sí ni lójú. Tísà fọn fèrè. Máàkì táìmù. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn gòkè pọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Tísà ní, “Fọ́wọ́ọ̀dù!” Ìlà àkọ́kọ́ rìn. Àwọn tó gbé ìlù tẹ̀ lé wọn, wọn kò sì mọ bí ọwọ́ ṣe ń lùlù kí ẹsẹ̀ máa lọ. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra, ọwọ́ á dúró. Bí ọwọ́ bá lu ìlù, ẹsẹ̀ á padà sójú kan. Ọmọkùnrin tó gbé ìlù ńlá kò rí iwájú, ó fi ìlù gbá ẹ̀yìn ọmọ mi. Àwọn tó ń fọn fèrè ń fi eyín gbá ẹnu fèrè ní gbogbo ìṣísẹ̀. Orin já. Àwọn èrò ẹ̀bá títì bú sẹ́rìn-ín.

Ojú ti tísà, ó sì ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dá wọn padà sójú ìlà, ó ní máàkì táìmù. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gún régé. Ọkùnrin tó di máìkì mú lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ní, ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ wa láti Àkúrẹ́, ẹ máa lọ. Wọn kò lọ. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, ọ̀nà ti dí. Tísà tún gbìyànjú, ó tún dàrú, ó tún dá wọn padà. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìwé tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ìró ìlù wọn fi ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, ní àdúgbò bàbá mi. Àwọn tiwa ṣì wà lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń tẹ títì bí ẹni tó ń tẹ ẹyìn fún epo.

Òógùn ń ṣàn. Kò sí ẹni tó nù ún. Ọmọ mi dojú kọ mi tààrà, ṣùgbọ́n kò wò mí, nítorí òfin. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òógùn níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ẹkún. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ìlù àwọn yòókù níbi tó yẹ kí tirẹ̀ ti máa dún. Mi ò tíì kórìíra ènìyàn kan bí mo ṣe kórìíra onídígí dúdú yẹn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n kó wọn padà sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá onílé-ìwé dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó ń yìn wọ́n. Ó ní ẹnì kankan kò sá kúrò lórí ìlà, ẹnì kankan kò nu òógùn, ẹnì kankan kò ní òun fẹ́ tọ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó yí padà, fídíò ti wà lórí Wọ́sáàpù. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ilẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé síbẹ̀, àwọn òbí tó wà ní Àkúrẹ́ sì ń fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ tísà wa.

Mo ní mo fẹ́ mú ọmọ mi. Tísà ní kò ṣeé ṣe, aṣọ bándì kò gbọdọ̀ dá rìn láìsí bándì.

“Tísà,” mo wí, “ẹ ò gbé wọn dé ibì kankan. Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.”

Mo na ọwọ́ sí ọmọ mi, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá ìlù méjèèjì jẹ́ tiwa, àwa la rà á, ó kó wọn dání.

Bàbá ṣì jókòó lẹ́bàá gọ́tà. Gbogbo bándì ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti ń bọ̀ ló ń na ọrùn, ó ń wo ojú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọjá tán, á tún máa wo ìsàlẹ̀ títì. Kò gbà kí wọ́n gbé òun wọlé. Òógùn ti rin fìlà rẹ̀. Nígbà tí ó rí ọmọ mi tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú aṣọ pupa, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wá bándì.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, a ò lè dé.”

Bàbá kò bínú. Ó na ìka ọwọ́ òsì sí ọ̀pá ìlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìlù. Ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé lọ gbé rọ́bà ọ̀dà tí wọ́n fi ń wọn gààrí, ó dojú rẹ̀ dé, ó fi gèlè àtijọ́ kan so ó mọ́ ọmọ mi níbàdí. Ọmọ náà dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ le koko bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń gòkè, ẹsẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ń dún. Ojú kan náà ló wà.

Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wa sì dúró dè é.

“Ọma mi,” ó pè é bí àwọn ará Oǹdó ṣe ń pe ọmọ. “Má dúró. Máa bọ̀.”

Ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ dàrú, ó dúró. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lu apá àga, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń lé e. Ó tún gbé e. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó padà, ó tún bọ̀, ó ṣì í, Bàbá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe é títí. Ìgbà tó yá, ó kọjá níwájú Bàbá láìdúró, rọ́bà ń dún, ó dé iwájú ilé aládùúgbò, ó dé ibi tí títì ti gòkè, ó yí padà, ó ń bọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ń lu agolo mílíìkì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi ìbọ̀wọ́ funfun náà nu òógùn ojú rẹ̀ láti etí dé etí, ó sì ń lùlù lọ. Ẹ̀rín Bàbá kì í gbà ju apá kan ẹnu rẹ̀ lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó fi apá kan náà rín in tán.

Mo sunkún. Ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó sì gbé e sórí Wọ́sáàpù rẹ̀. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá onílé-ìwé, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni òun náà, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó rìn láàárín wa. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ìyá onílé-ìwé jókòó sẹ́yìn tábìlì, tísà dúró tì í, wọ́n ń wo fídíò náà bí ẹni tó ń wo olè. Wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ mi: ó wọ aṣọ bándì lójú pópó láìgba àṣẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbọ̀wọ́ nu òógùn. Ó so rọ́bà gààrí mọ́ aṣọ ilé ìwé tó lórúkọ. Ìyá onílé-ìwé ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ìwà ni ìwà, àwọn ti yọ ọ́ kúrò nínú bándì.

Mo béèrè bóyá wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fídíò náà. Wọn kò mọ ohun tí mo ń sọ. Tísà tún un ṣí, ó sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa.

“Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ wálẹ̀,” ó wí. “A ti rí ìyẹn náà, Mọ́mì.”

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tó ń fọn fèrè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Nínú gbogbo bándì yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí a ṣe ń lùlù rìn, òun náà ni wọ́n lé.

Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, èmi àti ọmọ mi sì lọ dá a padà. Tísà gbé ìbọ̀wọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, ó rí àbàwọ́n kan, ó fi hàn mí. Mo ní òógùn ni. Bí a ṣe ń jáde, bándì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù, wọ́n ń tẹ ilẹ̀. Wọ́n ti fi ọmọ mìíràn sínú ihò ọmọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré sí ihò náà, omi sì ń ta sí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi dúró, ó ń wò wọ́n. Mo rò pé ó máa sunkún.

Ó ní, “Mọ́mì, wọn ò tíì lọ.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a pe Bàbá. Ọmọ mi gbé fóònù sórí àga bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò jókòó tì í. Ó so rọ́bà ọ̀dà tiwa mọ́ ìbàdí, ó gbéra. Ó lùlù gba pálọ̀ kọjá, ó gba ilé ìdáná, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, títí ìró náà fi kéré, ó sì yí padà. Mo fi etí ti fóònù. Mi ò gbọ́ mímí Bàbá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń rọra mí, kí ó lè gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń lọ àti bí ó ṣe ń bọ̀.